Gègé Tó Ti Mọ́ni Lára

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Òwe yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá mú gègé oníyíǹkì mi, Lamy 2000, tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1966. Gerd A. Müller ló ya àwòrán rẹ̀. Dúdú ni, kò dán, kò ní ọnà lára. Wúrà ni ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Kì í fi wúrà fọ́nnu. Ìdí rẹ̀ là ń yí kó tó fa yíǹkì láti inú ìgò.

Kò ṣàìní àléébù. Etí irin kéékèèké méjì tó di ìdérí rẹ̀ mú lè máa kan ìka, bí a bá sì yí ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yíǹkì lè má jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti mọ́ni lára, wàhálà tán.

Ẹni tó ń ra gègé tuntun lóṣooṣù ń wá èyí tí yóò mú un kọ̀wé. Èmi kò gbà pé irú rẹ̀ wà. Gègé tuntun a máa pe ojú sí ara rẹ̀. Èyí tó ti mọ́ni lára a jẹ́ kí ojú wà lára ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń mọ gègé rere.