Ta Ló Ń Yan Àwo Fún Wa ní Etíkun Vietnam?

Ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo. Ó yẹ kí wọ́n kọ òwe yìí sí iwájú gbogbo ìwé atọ́nà oúnjẹ, pàápàá èyí tó bá ń sọ fún àlejò pé ibí ni kó ti jẹun, pé ọ̀hún ni kó má dé rárá. Ẹ wá ibi tí èèyàn ti lè jẹun ní etíkun Vietnam lórí Google, ẹ ó rí i pé orúkọ kan náà ló ń jáde ṣáá: búrẹ́dì Hội An, núdù Huế, ẹja òkun Nha Trang. Ẹnì kan jẹ ẹ́, ó ya fọ́tò rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ yàn án? Kí ló sì ń wá?

A máa ń ṣe àríwísí eré, orin àti ìtàn àròsọ. Lójú tiwa, ìwé atọ́nà oúnjẹ náà jẹ́ ìtàn. Ó ní olú ẹ̀dá ìtàn, ó ní ibùdó, ó sì ní àwọn tí wọ́n tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Etíkun Vietnam gùn ju kìlómítà 3,200 lọ, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní oúnjẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwo mẹ́wàá péré sọ ìtàn etíkun yìí ti yan ẹni tó fẹ́ kí a rí. Ìyẹn ló yẹ ká bi í léèrè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, Michelin. Ilé iṣẹ́ táyà ni, ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà jáde, kí àwọn onímọ́tò lè máa rìnrìn àjò, kí táyà wọn sì tètè jẹ. Ìràwọ̀ tí gbogbo alásè ń lé kiri báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 1926. Ọgbọ́n ọjà ni, a ò bú wọn. Ẹni tó ń ta bàtà, ó dájú pé á fẹ́ ká máa rìn. Ohun tó ká wa lára ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024, nígbà tí ìwé náà dé Đà Nẵng. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ló rí ìràwọ̀ gbà ní gbogbo ìlú náà: La Maison 1888, tí wọ́n ti ń se oúnjẹ Faransé, nínú hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kan ní Sơn Trà. Bib Gourmand ni wọ́n fún àwọn tó ń ta núdù ní ìgboro, ìyẹn àmì-ẹ̀yẹ oúnjẹ tó dùn lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ rántí pé Đà Nẵng yìí náà ni ọkọ̀ ogun Faransé àti ti Spéènì kọlù ní 1858, nígbà tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. A ò sọ pé àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ní ìkórìíra lọ́kàn o. Ká má purọ́, ní Hanoi, Tầm Vị, tó jẹ́ oúnjẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń sè níbẹ̀, gba ìràwọ̀ ní 2023. Òṣùwọ̀n wọn ni a ń bá jà. Ọ̀kan nínú ohun márùn-ún tí wọ́n ń wò ni pé kí ìwà alásè fúnra rẹ̀ hàn nínú oúnjẹ tó sè. Ìyá tó ń ta mì Quảng ńkọ́? Ohun tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ fi ń yangàn ni pé bí ìyá òun ṣe ń sè é ni òun náà ṣe ń sè é. Òṣùwọ̀n tó bá ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀ kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí odidi ìlú jọ ní.

Anthony Bourdain yàtọ̀ sí wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, alásè tó di òǹkọ̀wé, tó sì ṣaláìsí ní 2018. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ìràwọ̀. Orí àga oníke kékeré ló ń jókòó sí, yóò sì da ẹnu bo àwo. Nínú ètò Parts Unknown rẹ̀ tó jáde ní 2014, ó dé Huế, ó sì gbé bún bò Huế ga ju gbogbo oúnjẹ olómi tó kù láyé lọ. Ọjà Đông Ba ló ti jẹ ẹ́, kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. A fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogun àti ìtàn wọ inú ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò sì ṣe bí ẹni pé òun ló bí ìlú náà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí òkìkí ń ṣe. Ní 2016, òun àti Obama, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, jókòó jẹ bún chả ní Hanoi. Lónìí, wọ́n ti fi gíláàsì bo tábìlì yẹn pátá. Tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò lè jẹun nídìí rẹ̀ mọ́, ṣé tábìlì ni àbí ojúbọ? Kì í ṣe ẹ̀bi Bourdain. Àwa tí à ń wo tẹlifíṣàn ló sọ àwo ẹni tó ń jẹun di ilé ìrìn àjò mímọ́, tí a wá ń tò sórí ìlà níwájú ilé kan, tí ilé mẹ́wàá tó wà lójú pópó kan náà ń pa eṣinṣin.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká fi àwọn àlejò sílẹ̀, ká wo oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ní Huế, cơm hến wà: ìrẹsì tó ti tutù, tí wọ́n bu ẹran ìkarawun wẹ́wẹ́ inú odò lé lórí. Oúnjẹ tálákà ni látilẹ̀wá, ó sì ta bíi iná. Ní Hội An, cao lầu ni. Wọ́n ní omi kànga Bá Lễ ló yẹ kí wọ́n fi pò ó, kí wọ́n sì fi eérú igi láti erékùṣù Cù Lao Chàm sí i. Iṣẹ́ tí kán-ún ń ṣe lọ́dọ̀ wa ni eérú yẹn ń ṣe. Ní Quy Nhơn, bánh xèo ni, pẹlẹbẹ tí wọ́n fi edé dín. Ní Phan Rang, ẹ ó bá bánh căn, ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n dà sínú ihò kéékèèké lórí ìkòkò amọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ máṣà rí á mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń jinná. Ẹ bá a dé Phan Thiết, níbi tí wọ́n ti ń ṣe nước mắm: ẹja wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ nínú àgbá igi ńlá fún nǹkan bí ọdún kan. Ẹni tí irú ò bá lé jáde nílé, kò ní fọwọ́ bo imú níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí ló so mọ́ omi. Kànga ni, odò ni, òkun ni. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìwé atọ́nà ti máa ń dákẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń fò léfòó wá sí èbúté ní Hà Tĩnh, Quảng Bình, Quảng Trị àti Thừa Thiên Huế. Omi olóró láti ilé iṣẹ́ irin Formosa ló fà á. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì ní oṣù kẹfà, ó sì gbà láti san mílíọ̀nù 500 dọ́là. Àwọn apẹja kó àwọ̀n sílé, ọjà ẹja dá, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti fi omi ẹja sọ́bẹ̀.

Nínú àwọn atọ́nà tí a kà, "ẹja tútù láti inú òkun" ni wọ́n ń kọ kiri bí ẹni pé òkun kì í ṣàìsàn. Ìyẹn ni àbùkù tó ga jù lójú wa. Ìwé tó bá sọ bí ẹja ṣe dùn tó, tí kò sọ ẹni tó mú un wá láti inú omi, ìdajì ìtàn ló sọ. Apẹja ò sí nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dáná oúnjẹ náà.

Kí wá ni ká ṣe? A ò ní kí ẹ sun ìwé atọ́nà níná. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka ìtàn àròsọ, kí ẹ máa bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dé ìlú, ẹ béèrè oúnjẹ tó jẹ́ ti ìlú náà gan-an, kì í ṣe èyí tó lókìkí. Ẹ tètè jí, torí ọ̀pọ̀ àwo tó dára ló ń tán láàárọ̀. Ẹ wá ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ kan ṣoṣo ló ń tà. Ẹni tó bá ń se nǹkan kan lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè ibi tí ẹja ti wá. Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ oúnjẹ náà bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Àwa Yorùbá, tí a mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, kò yẹ kí wọ́n kọ́ wa níyẹn.