Ohùn Ìsàlẹ̀: Ìrántí Iṣẹ́ Maurice Ekpo nínú Ẹgbẹ́ Africa 70

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bí a bá ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá mu jù lọ nínú àwọn tí ó bá Fẹlá ṣiṣẹ́, Maurice Ekpo ni èmi yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, ẹni tí ó ta gìtá béèsì nínú àwo méjì tí ẹgbẹ́ Fẹlá, Africa 70, gbà sílẹ̀ ní Abbey Road, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1971: Fela's London Scene, àti Live! tí Ginger Baker bá wọn lùlù nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọkùnrin yìí yí ètò tí etí Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ padà. Nínú ìlù bàtá, ìyá ìlù tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jù lọ ni ó ń fọhùn, tí àwọn ọmẹlẹ ń tún ohùn kan náà lù tẹ̀lé e. Nínú jáàsì àwọn ará Amẹ́ríkà, tí Fẹlá ti gbọ́ ní àgbọ́yé kí ó tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1963, béèsì kì í dúró lójú kan. Bí Ron Carter ti ń ta á lẹ́yìn Miles Davis láti 1963 títí di 1968, ńṣe ni ó ń rìn láti ohùn dé ohùn, tí ó ń wá ọ̀nà tuntun bí orin ti ń lọ.

Ekpo kò tọ ọ̀nà méjèèjì. Ohùn ńlá ni ó fi ṣe iṣẹ́ ọmẹlẹ. Nínú “Black Man's Cry” tí ó wà nínú Live!, ohùn mélòó kan péré ni ó ń tà. Bí ó bá tà wọ́n tán, a tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, báyìí báyìí fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú 10, nígbà tí fèrè ń ké lókè, tí ìlù Tony Allen ń bọ́ sínú àlàfo tí Ekpo fi sílẹ̀, tí dùùrù Fẹlá, Abàmì Ẹ̀dá, sì ń rìn kiri bí ó ti wù ú. Ẹni tí kò fara balẹ̀ lè pe èyí ní àìmọ̀-ọ́n-tà. Rárá o. Ìkóra-ẹni-níjàánu ńlá ni kí ọ̀jáfáfá gbà láti má fi ọwọ́ rẹ̀ dárà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní Kétu níhìn-ín ní Èkó àti ní ọjà Máìlì 12, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ orin wọ̀nyí lónìí, fóònù kò sì lágbára láti gbé ohùn ìsàlẹ̀. Fèrè àti ohùn Fẹlá nìkan ni ó ń dé etí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé sípíkà ńlá síta ní Ìkòṣì, béèsì ni ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè yóò kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó mọ orin tí í ṣe.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, mo bẹ̀ yín: nígbàkígbà tí ẹ bá fi àwo Live! sí afẹ́fẹ́, bí ẹ bá ti dárúkọ Fẹlá àti Tony Allen, ẹ dárúkọ Maurice Ekpo pẹ̀lú wọn.