Ìwé Johnson àti Ibùdó Kírìjí



Ní ilé-kéwú wa ní Challenge níhìn-ín, ọmọ kan ní òun kò lè ka ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, nítorí pé pásítọ̀ ni. Èkejì ní kí ni ó kù, ṣebí kèfèrí Ìbàdàn ni ó ń bá Mùsùlùmí Ìlọrin jà ní Kírìjí? Àwọn méjèèjì ṣi ọ̀nà, ìwé náà gan-an ni yóò sì tọ́ wọn sọ́nà.

Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó jáde ní 1921. Ibi tí a yìn jù ni ìròyìn ibùdó Ìbàdàn lẹ́bàá Ìgbájọ. Kì í ṣe àgbọ́sọ lásán: òun àti Charles Phillips wà lára àwọn tí ó ṣe oníṣẹ́ àlàáfíà ní 1886. Ẹ wo bí ọ̀tá ṣe yí ibùdó náà ká. Èkìtìparapọ̀ àti Ògèdèǹgbé wà níwájú pẹ̀lú ìbọn ìgbàlódé láti Èkó. Ìlọrin dó ti Ọ̀fà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etíkun tí ẹ̀tù ń gbà wọlé. Ibùdó di ìlú, wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di 1893. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ṣùgbọ́n ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o.

Ta ni olórí ibùdó náà? Ààrẹ Látòósà ni, Mùsùlùmí ni, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1885. Ìlọrin tí í ṣe Mùsùlùmí ń ran Èkìtì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ Èkìtì ìgbà náà ń bọ òrìṣà. Ọ̀nà ọjà, ẹrú àti agbára ni wọ́n ń jà sí, ẹ̀sìn kọ́.

Àbùkù ìwé náà kò ṣe é bò. Etí Johnson súnmọ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ju Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ. Ẹjọ́ àwọn olóyè gùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti obìnrin, ti ẹrú àti ti Mùsùlùmí tí kò joyè kúrú. Àmọ́ kí àwa náà má ṣe ojúsàájú. Pé Látòósà ń kírun kò sọ ohun tí ojú Ẹfúnṣetán rí ní 1874 di rere, kò sì wẹ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn mọ́. Ìnilára wọn ni ó mú Fábùnmi pa ọ̀kan nínú wọn ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní 1878.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹ bá ka Johnson tán, ẹ ka ìwé tí S. A. Akíntóyè gbé jáde ní 1971, tí ó gbọ́ ẹnu Èkìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Pásítọ̀ kọ tirẹ̀; tiwa dà?