Bàlúùnù Pupa Nínú Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń tan fíìmù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, tí wọ́n á wá lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì máa máàkì ìwé. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 14 n'Íbàdàn kì í jókòó. Ìka rẹ̀ kì í kúrò lórí bọ́tìnnì tó ń dá fíìmù dúró, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà.

The Red Balloon ló mú lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, fíìmù tí Albert Lamorisse ará Faransé ṣe ní 1956. Ìṣẹ́jú 34 péré ni. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó gba Oscar fún kíkọ eré. Mo bi í pé ta ní ń fi fíìmù tí kì í sọ̀rọ̀ kọ́ni lédè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ á dákẹ́. Tí wọ́n bá dákẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ ni yóò sọ ọ́."

Ó ní kí ìdajì kíláàsì kọjú sí àwòrán, kí ìdajì kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó ń rí i á máa ròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kò rí i, ìyẹn á máa kọ ọ́. Pascal, ọmọkùnrin kékeré inú fíìmù náà, gun òpó iná, ó tú okùn bàlúùnù. Ọmọbìnrin kan ń fọwọ́ gun òpó lófuurufú, ọ̀rọ̀ ò wá. "Pole!" "Pole of what?" "Of light!" Àbúrò mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá sí i. Ìgbà tó sú wọn, tí wọ́n ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà", ló tó kọ "lamp-post" sójú bọ́ọ̀dù. Mi ò rò pé ọmọ yẹn á gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí bàlúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé Pascal kiri. "Ó" kan náà la fi ń pe ọkùnrin, obìnrin àti ìkòkò nínú èdè wa, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi ń pe ìyá wọn ní "he". Ọmọkùnrin kan kọ "it is following him". Èkejì kọ "he". Ẹni àkọ́kọ́ ní bàlúùnù kì í ṣe èèyàn. Èkejì ní ṣé nǹkan lásán ló ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta ilé ìwé? Àbúrò mi dá fíìmù padà sẹ́yìn, ó tún ibẹ̀ fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ ẹni tó jàre.

Nígbẹ̀yìn, àwọn ọmọ jàǹdùkú sọ bàlúùnù lókò. Ó ń rọ, ó ń hunjọ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi tẹ bọ́tìnnì. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ti ń jà fún "it" látàárọ̀ ló dáhùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "They killed him."

Ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́, ó tún tẹ bọ́tìnnì, gbogbo bàlúùnù Paris sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀.