Ta Là Ń Pè Ní Àgbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ba ìwé ìwádìí lórí obìnrin àti iṣẹ́ oko jẹ́ lójú mi: àgbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì dé Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, á bá ìyá kan nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ṣé àgbẹ̀ ni yín?" Ìyá á ní, "Rárá o, ọmọ mi. Bàbá wọn ni àgbẹ̀. Èmi, gààrí ni mò ń ṣe." Akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe àgbẹ̀. Ó parí! Ẹni tó bá wọn gbin ẹ̀gẹ́, tó bá wọn ro ó, tó rù ú wálé, ti jáde kúrò nínú ìwé nìyẹn.

Ní 1971 ni Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé IITA n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti mú irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè mú jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní bù ú kù. Ìkirè fi í jẹ Ṣẹ́ríkí Àgbẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n fún ọdún pípẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò jù lára ẹ̀gẹ́ ni bó ṣe ń ta àti bó ṣe ń gbógun ti àrùn. Ìdí agbada ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ olómi lè ta gan-an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rin ín, tẹ́ ẹ fún omi rẹ̀ dànù, gààrí tó máa kù ò tó nǹkan. Ó sì ń jẹ igi ìdáná. Ní Àkókó tiwa yìí, tí erùpẹ̀ ò nípọn lórí àpáta, igi tá a gé lórí òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí dídáàbò bo ilẹ̀, tí ò dé ìdí iná gààrí, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi gbóríyìn fún iṣẹ́ NextGen Cassava, tí Yunifásítì Cornell, IITA àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí Umudike jọ bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Hale Tufan wà lára àwọn tó mú ọ̀rọ̀ obìnrin wọnú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Borlaug ní 2019. Wọ́n bi tọkùnrin tobìnrin níhìn-ín àti nílẹ̀ Ìgbò. Gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ̀gẹ́ tó ta, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tẹnu mọ́ bí oúnjẹ tó ń tinú rẹ̀ jáde ṣe máa rí.

Àléébù tí mo rí ni pé olùdáhùn ṣì ni ìyá yẹn. Ẹlòmíì ló ni ìbéèrè. Kíka orí obìnrin nínú yàrá ìwádìí, tá a wá ń ya fọ́tò, ò tíì yanjú ìyẹn. Ọmọ ẹlẹ́gààrí tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì gboyè ló yẹ kó lè sọ pé ìbéèrè ìyá òun ni òun fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, kí ọ̀gá rẹ̀ má sì sọ pé ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. (Mo ti gbọ́ ọ rí, ní ibi tí mi ò ní dárúkọ.)

Láti 1999 ni Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ti wà l'Àkùngbá, láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń darí akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, ẹ ní kí wọ́n fa "Ṣé àgbẹ̀ ni yín?" rẹ́. Kí wọ́n bi ìyá léèrè ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ẹ̀gẹ́ yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín. Kí wọ́n sì gbé òṣùwọ̀n dání, kí wọ́n wọn igi ìdáná.