Òwú tí a Tú, Òwú tí a Fi Sílẹ̀: Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ẹni tó bá ń ka ìtàn iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ayàwòrán, agbẹ́gilére àti alágbẹ̀dẹ ni yóò máa bá pàdé lójú ìwé. Wọ́n á ní ọdún 1962 ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1964, wọ́n á wá máa ka orúkọ: Twins Seven-Seven, Muraina Oyelami, Rufus Ogundele, Jimoh Buraimoh, Asiru Olatunde tó ń lu bàbà di àwòrán. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ abẹ́rẹ́ dà? Bí wọ́n bá tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀, abala iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa ń tì í sí, níbi tí wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ àti ẹní jọ sí. Èmi ò bá wọn gbà á. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí ti ń yanjú ìbéèrè kan tí ayàwòrán kì í bá pàdé rárá: bí iṣẹ́ bá parí, kí ni ká ṣe sí òwú? Ṣé ká tú u ni, ṣé ká fi sílẹ̀ lára aṣọ, àbí kí òwú fúnra rẹ̀ di aṣọ?

Títú la bá nílẹ̀. Oríkì Òṣogbo pè é ní ìlú aró, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ sì wà lára ohun tí a ń rẹ sínú aró. Aládìrẹ á mú aṣọ funfun, á ṣẹ́ ẹ po tín-ín-rín, á wá máa fi abẹ́rẹ́ àti òwú líle tàbí ìko rán ojú ìṣẹ́po náà lọ. Bó bá rán an dé òpin, á fa òwú gírígírí títí aṣọ á fi ká jọ bí ọ̀kùn tí a fọwọ́ kàn, á wá so ó. Ó kan ìkòkò aró nìyẹn. Aṣọ á wọlé, á jáde, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ohun tó jáde ní àwọ̀ ewé á máa di aró lójú ẹni. A ó tún kì í bọ̀ ọ́, a ó tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí a ṣe fẹ́. Síbẹ̀, ibi tó le jù ṣì ń bẹ níwájú. Bí aṣọ bá gbẹ tán, abẹ la ó fi tú òwú tí a rán, òwú ọ̀hún sì ti dúdú bíi ti aṣọ, ojú kì í tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí abẹ bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, aṣọ ti lu. Bó bá bọ́ sí i, ìlà funfun á yọ, ojú abẹ́rẹ́ á sì tò lẹ́sẹẹsẹ lójú rẹ̀. Òwú ti lọ. Ibi tí òwú wà rí ni à ń wò.

Lára agbádá, òwú kì í lọ, àwọn ọkùnrin ló sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n á jókòó ti aṣọ fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á máa fi ọwọ́ kó iṣẹ́ sí ọrùn àti àyà rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gbà á mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé iṣẹ́ obìnrin ni abẹ́rẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó gbé òwú tí kì í lọ yìí wọ inú àwòrán ní Òṣogbo ni Nike Davies-Okundaye. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ògìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní, ní ìdílé tó jogún aṣọ híhun àti aró. Aya Twins Seven-Seven ni nígbà kan. Ní 1968 ló kọ́kọ́ dá ṣe àfihàn tirẹ̀ ní Goethe-Institut l'Ékòó, ní 1974 ó wà lára àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n pè lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ni, ní 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Àdìrẹ àti bàtíìkì lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tó kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ó rọrùn láti ní àwòrán ọkọ ni aya ń fi òwú dà kọ, nítorí àwọn méjèèjì kì í fi àyè sílẹ̀: ènìyàn, ẹyẹ àti ewé á kún ojú aṣọ bí wọ́n ṣe kún ojú pépà. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tàdáwà á tẹ́ sílẹ̀ ni. Òwú ga lórí aṣọ, ó ní ìhà tó kọ sí. Bí a bá rán òwú pupa kan náà ní ìdúró, tí a tún rán an ní ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sọ ọ́ di pupa méjì. Tàdáwà ò lè ṣe ìyẹn. Buraimoh lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pákó, a pè é ní àwòrán, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; obìnrin rán òwú mọ́ aṣọ, a ní iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ọ̀nà mìíràn ni kóróṣè àti cross stitch gbà wọlé. Ní Iléṣà àti àwọn ìlú tó yí i ká, kíláàsì iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló kọ́ àwọn ìyá wa. Yàrá àlejò tíṣà, tàbí ti òṣómàáló tó kiri aṣọ títí tó fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò pé láìsí kóróṣè lórí apá àga àti lórí rédíò, tí wọ́n ti fi sítáàṣì mú kó le gbagidi. (Ìyá tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi láfún ro ẹ̀kọ àdìrẹ, ìwọ̀n sítáàṣì ò lè ṣòro fún un.)

Cross stitch ló ń bí mi nínú jù. Àtẹ ni ọ̀gá rẹ̀: pépà onígun-mẹ́rin kéékèèké tó ń sọ àwọ̀ òwú tí yóò dábùú ara wọn nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àtẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, òdòdó rose ló wà níbẹ̀, àti ilé olórùlé koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò lè dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Ọgbọ́n yìí kan náà làwọn obìnrin Palẹ́sítínì fi ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní tatreez, tí ènìyàn lè fi mọ abúlé tí aláṣọ ti wá. UNESCO fi í sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2021. Ta ló tún wá mọ òwú kà ju ahunṣọ wa lọ? Àdìrẹ Ìbàdàndùn, pẹ̀lú òpó Gbọ̀ngàn Màpó rẹ̀, ti pín ara rẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin láti ilé. Àtẹ ni kò tíì dà. Ohun tó fà á tí kò fi ṣẹlẹ̀, mo rò pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ọmọ ní máàkì ni. Tíṣà á gba aṣọ, á yí i padà, á wo ẹ̀yìn bóyá kókó wà níbẹ̀. Máàkì wà fún ẹ̀yìn tó mọ́; èrò tó wà níwájú ò ní máàkì.

Kóróṣè bọ́ nínú wàhálà ẹ̀yìn aṣọ yẹn, nítorí kò ní aṣọ tó gbé e dúró. Ojú kan ló ń bí èkejì. Ẹni tó ń ṣe fìlà á máa fi ojú kún ojú ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí orí rẹ̀ lè tẹ́. Ìgbà tó bá ṣíwọ́ àfikún ni fìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ di ẹ̀gbẹ́. Ìpinnu ni ìyẹn, ọwọ́ ló sì ń ṣe é: títí di òní, ẹ̀rọ ń hun ohun tó jọ kóróṣè, kò tíì rí kóróṣè gan-an ṣe. Àwọn ọmọge tó ń hun búláòsì àti báàgì ní Òṣogbo, tí wọ́n ń tà á lórí WhatsApp, mọ ìpinnu yìí dáadáa. Ibi tí wọ́n kù sí ni àwọ̀. Wúùlù tí oníṣòwò bá kó dé ni wọ́n ń lò, nínú ìlú tó mọ aró rẹ òwú!

Àwọn tó ń ṣe àfihàn náà ní tiwọn láti tún ṣe. Gíláàsì tí wọ́n fi ń bo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ń dán, ó sì ń pa pupa méjì yẹn di ẹyọ kan. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi lọ àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ń tẹ́ ìṣẹ́po tí òwú fi sílẹ̀. Kóróṣè tí wọ́n fi ìṣó méjì kàn mọ́ ògiri, láàárín oṣù díẹ̀ yóò ti fà wálẹ̀ láàárín. Ọ̀pá gígùn ló yẹ kí wọ́n fi gbé e kọ́, kí gbogbo ojú òkè jọ ru ẹrù náà. Kí wọ́n sì gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n yé gbé e sí iwájú.