Ìwé Ìròyìn Tuntun l'Ádó: Ta Ni Ẹ Fẹ́ Tà Á Fún?

Gbogbo àbá ìwé ìròyìn tuntun tí wọ́n ti gbé fún mi kà ní Adó-Èkìtì ló ní gbólóhùn kan tí kì í yàtọ̀: pé ìwé náà yóò wà fún gbogbo ọmọ Èkìtì nílé, lóko, lẹ́yìn odi. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ó dà bí àdúrà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń fi ìròyìn kíkọ jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé gírámà, mo mọ̀ pé ẹni tó ní òun fẹ́ se oúnjẹ fún gbogbo ayé kò tíì sọ fún wa bóyá iyán ni tàbí àmàlà. Gbogbo ọmọ Èkìtì kì í ra nǹkan. Ẹnì kan ni í ki ọwọ́ bọ àpò, tí í mú owó jáde. Ta ni ẹni náà? Ibẹ̀ gan-an ni àwọn àbá wọ̀nyí ti máa ń dákẹ́, tí wọ́n á fò lọ sórí orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ àti irú ọkọ̀ tí ọ̀gá àgbà yóò máa gùn.

Kò yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn tí a kọ́kọ́ ní lédè wa fi orúkọ òǹkàwé rẹ̀ sára orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó ìjọ C.M.S., gbé e jáde l'Ábẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, ohun tó pè é ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló sì ń jáde. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìjọ, ẹni tó dé, ẹni tó ń lọ, ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó ṣe ìrìbọmi. Ohun tí olóòtú òde òní yóò wò tí yóò sì yínmú. Ṣùgbọ́n Townsend mọ̀ pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ lòun ń bá sọ̀rọ̀, ó sì fún wọn ní ohun tó lè mú kí wọ́n máa kàwé. Ní 1863, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, dá Anglo-African sílẹ̀ l'Ékòó lédè Gẹ̀ẹ́sì; nígbà tó fi di 1865, ó ti kógbá wọlé. N kò ní èdè nìkan ló pa á. Ìwé Ìròhìn náà kú ní 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé òyìnbó jáde, tí wọ́n fọ́ ilé ìjọ àti ilé ìtẹ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé. Òṣèlú ló gbé e lọ. Kì í ṣe pé kò rí ẹni tí yóò kà á.

Lẹ́yìn 1920, ìwé ìròyìn Yorùbá hù bí olú nínú òjò: Èkó Àkéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntán ní 1923, Yorùbá News tí D. A. Ọbasá gbé jáde n'Íbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ kí á dúró tì díẹ̀.

Ní oṣù Keje 1929, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ni wọ́n ní ó kọ ọ́: arẹwà àtijọ́ tó ti jẹ ayé ọkùnrin Èkó títí, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, tó wá ń jẹ́wọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Lẹ́tà kan á jáde, òmíràn á tẹ̀ lé e, títí di oṣù Kẹta 1930. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àwọn èèyàn gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú lórí ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní máa ń ka ìtàn yìí mọ́ ìwé ìtàn-àròsọ tí a kọ́kọ́ ní lédè Yorùbá. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ oníwèé ìròyìn ni èmi ṣe ń wò ó. Ọkùnrin yẹn rí ẹni tó ń kà á kedere: ẹni tó mọ àwọn àdúgbò Èkó tí Sẹ̀gilọlá ń dárúkọ, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì ń fẹ́ gbọ́ òfófó kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó bu ìwàásù àti òfófó sínú abọ́ kan náà, ó gbé e síwájú ẹni yẹn. Ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé mo ní kí ẹ máa parọ́ fún òǹkàwé o. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò lónìí, lọ́yà ni yóò kọ́kọ́ rí. Mo kàn ní kò sí ibì kankan nínú àwọn lẹ́tà yẹn tí ẹ ó ti bi ara yín pé ta ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Gbóhùngbóhùn tí ilé iṣẹ́ Sketch dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1970 náà ní tirẹ̀, àwọn olùkọ́ àgbà ṣì wà tí wọ́n máa ń fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìjọba ló ni ilé iṣẹ́ yẹn, onílé ló sì ń sọ ibi tí àlejò máa jókòó sí. Nígbà tó yá ni Aláò Adédayọ̀ wá pẹ̀lú Aláròyé. Ó gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Keje 1996. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó fi àwọn tí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kò kà sí ṣe ẹni àkọ́kọ́: mẹkáníìkì, télọ̀, ìyá olóúnjẹ, awakọ̀. Bí ẹ bá ń ka Aláròyé, ẹ ó rò pé ẹnì kan ló jókòó tì yín lórí bẹ́ǹṣì tó ń rò fún yín. Àkọlé rẹ̀ gùn, àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọjà sì ń tà. Ibi tí mo ti ń bá a jà ni pé, lójú tèmi, ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló jókòó sí jù. Èkìtì kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú níbẹ̀ àfi tí ìdìbò bá dé tàbí tí ẹnì kan bá ṣe ohun tójú kò rí rí. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1996 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Ẹ rántí ìdìbò gómìnà ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014. Ayọ̀délé Fáyóṣé na Káyọ̀dé Fáyẹmí, gómìnà tó wà lórí oyè, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí a ní. Ó ya ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn l'Ékòó lẹ́nu. Kò ya àwọn ọlọ́kadà Adó lẹ́nu o. Kò ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu, àwọn tí inú ti ń bí tipẹ́ nítorí ìdánwò tí ìjọba ní kí wọ́n wá ṣe. Gbangba ni wọ́n ń sọ ọ́, ní Ìjìgbò, ní Òkèyinmi, nídìí àtẹ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Fájuyì. N kò wí pé ẹni báyìí ló sàn ju ẹni báyìí lọ, ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ. Mo ní kò sí ìwé kan tí ó ń bá irú àwọn èèyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà kò sí ìwé tó gbọ́ wọn. Ẹni tí ẹ kò bá kọ̀wé sí, kò ní fèsì fún yín.

Ó wá ku ẹni tí à ń wá. Àwọn tó ń gbèrò ìwé ìròyìn l'Ádó, ojú ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á ní Èkìtì ni ilẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, wọ́n á ka Christ's School tó ti wà láti 1933, wọ́n á ka yunifásítì, wọ́n á ka Pólì. Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ti ka ìròyìn tirẹ̀ tán lórí fóònù kó tó fọ ẹnu láàárọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà bẹ́ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ tà fún wọn?

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan ẹnì kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mo máa mú. Ẹ ronú sí i. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ló kó ọ̀pọ̀ wọn wọ kíláàsì, àwọn mìíràn gba iṣẹ́ olùkọ́ láyé Ajásin, láàárín 1979 sí 1983, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó. Gbogbo wọn ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ Yorùbá kà, àmì ohùn kò dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ní àkókò. Kò sí ìlú tí wọn kò sí, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìkọ̀lé, dé Ìjerò, dé Ọmùò. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé ìjọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, olùdámọ̀ràn ọba. Bí ìwé bá sì dé ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe òun nìkan ló kà á. Yóò kà á sókè fún ìyàwó rẹ̀ tó ń to ẹ̀wà, fún aládùúgbò tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, fún ìyá tó ń ta iṣu níwájú ilé. Ẹnì kan ra á, èèyàn márùn-ún gbọ́ ọ. Ìyá oníṣu tí gbogbo àbá ń sọ pé àwọn fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti yan ẹni yìí, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ìwé náà gbọ́dọ̀ tóbi, ẹ má ṣe fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ fún ẹni àádọ́rin ọdún nítorí àtidín bébà kù. Ojú ewé òkú kò gbọdọ̀ kéré. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn àgbà kọ́kọ́ ń ṣí, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kù nínú ẹgbẹ́ wọn. Lórí WhatsApp, wọ́n lè pa èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kú. Ìwé tí yóò lọ sílé olóògbé, tí yóò bi àwọn ọmọ rẹ̀, tí yóò kọ orúkọ àwọn ilé ìwé tó ti kọ́ni sílẹ̀ láìṣe àṣìṣe, ìwé yẹn yóò wà lábẹ́ ìrọ̀rí fún ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n á ní àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kò lówó. Òótọ́ ni pé owó wọn kéré, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ìwé abẹ́lé wa ṣe ń rí owó. Ìkíni kú oríire ni. Kọmíṣánnà ṣe ọjọ́ ìbí, ojú ewé mẹ́rin lọ. Alága káńsù gba oyè, ojú ewé méjì lọ. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí ìròyìn tí mo kọ lórí omi ẹ̀rọ tó dá ní àdúgbò kan ti sùn sórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó ìkíni ni. Owó oṣù wa pàápàá kò jáde nínú owó ìkíni náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bó bá jẹ́ kọmíṣánnà ló rán ìwé yín níṣẹ́, kọmíṣánnà ni yóò máa bẹ̀rù, bí ẹ tilẹ̀ kọ "ohùn aráàlú" sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ká ní ẹ tẹ 1,000, tí 600 tà sọ́wọ́ àwọn tó fi owó ara wọn rà á, ìwé yín ní ọ̀gá 600, kò sì sí èyí tó lè dá nìkan lé yín lọ nínú wọn. Ìpolówó kò burú, ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wá àgbà kiri: oníṣègùn ojú, ilé oògùn, onígò oyin, àwọn tó ń yá èèyàn ní kánópì àti àga.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé ẹ̀ka èdè Èkìtì ni kí á fi kọ ọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ka èdè wa, ṣùgbọ́n mo ní rárá. Nílé ìwé, "ilé" ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíkà, bí a tilẹ̀ ń pè é ní "ulé" nínú yàrá. Ojú kò mọ "ulé" lórí bébà, yóò máa kọsẹ̀. Ẹnu ará Adó àti ti ará Ìjerò kò sì dọ́gba, ẹ ó dá ìjà sílẹ̀ ní ẹ̀dà kìíní. Rédíò ló ni ìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa. Àmọ́ bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ gbé e síta, ẹ gbé e bó ṣe sọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ìyá Èkìtì sọ Yorùbá Ọ̀yọ́.

Títà rẹ̀ ló kù. Nídìí àtẹ ní Fájuyì, èèyàn mẹ́wàá á dúró ka ìwé kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á jiyàn lé e lórí, wọ́n á sì lọ láìra á. Kò burú, ṣùgbọ́n òǹkàwé tí a ń sọ kò sí níbẹ̀. Ẹ lọ bá a ní ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́nu ọ̀nà báńkì lọ́jọ́ tí pẹ́ńṣàn bá wọlé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi ránṣẹ́ nínú mọ́tò tó ń kó iṣu bọ̀ l'Ádó tó sì ń padà lófìfo sí Ìkọ̀lé. Bí ẹ bá sì ń wá ohun tí ẹ ó gbé sójú ewé kìíní, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìjọba pé àwọn wo ni owó àjẹmọ́nú wọn kàn lóṣù yìí, àwọn tó fẹ̀yìn tì ní ọdún wo ni, ta ni wọ́n sì fò kọjá. Kí ẹ kọ ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dáhùn.